EQ Tó Ń Rìn: Àgbéyẹ̀wò Automation Nínú Sítúdíò Ilé

Ẹni tó ń ṣe orin nínú iyàrá rẹ̀ lónìí, yálà ní Mushin, ní Bódìjà tàbí ní Peckham, ní ohun kan lọ́wọ́ tí àwọn sítúdíò ńláńlá ayé ò ní nígbà tí Fẹlá ń gbé àwo jáde léraléra ní àwọn ọdún 1970. Ó lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kó dín báàsì ohùn olórin kù lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó dá a padà lórí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ orin náà. EQ tí automation ń darí là ń sọ. Ó wà nínú FL Studio, ó wà nínú Cubase, Logic, Ableton Live àti Reaper, ẹnikẹ́ni kì í san owó ọ̀tọ̀ lé e. Síbẹ̀, bí a bá tẹ́tí sí iṣẹ́ àwọn pùródúsà ilé, ibì kan ṣoṣo la ti sábà ń gbọ́ ọ: ibi tí gbogbo orin ti ń rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó tún wá là gbàà nígbà tí ègbè fẹ́ wọlé. Ìyẹn dára láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí irinṣẹ́ yìí ti níye lórí jù ni ibi tí olùgbọ́ kò ti ní mọ̀ rárá pé ẹnì kan fọwọ́ kan nǹkan: lára ohùn èèyàn, àti lára ìlù tó ń fọhùn.

Iṣẹ́ EQ fúnra rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáká ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz, níbi tí ohùn ti wúwo débi pé àyà ló ń gbà á ju etí lọ, títí dé nǹkan bí 20,000 Hz, níbi tó ti tín-ín-rín. EQ ń jẹ́ ká mú apá kan nínú gbogbo ìyẹn, ká gbé e sókè tàbí ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ká sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nílò rẹ̀, nítorí pé bí ohùn bá ti ń rìn jìnnà lórí wáyà, apá tó tín-ín-rín máa ń kú sọ́nà, wọ́n sì ní láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò dá a padà. Ní 1951, ilé iṣẹ́ Pultec ní New Jersey, l'Ámẹ́ríkà, gbé EQP-1 jáde, èyí tí àwọn oníplugin ṣì ń ṣe àfarawé rẹ̀ títí di òní. Ní 1972, George Massenburg gbé ìwé kan kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, AES, lórí irú EQ kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: ibi tí a fẹ́ fọwọ́ kàn, bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye tí a fẹ́ fi gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn náà ló wà lójú EQ inú kọ̀ǹpútà wa. Ẹni tó bá fẹ́ lo automation gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ kó rìn, torí pé ìrìn kálukú ní bó ṣe ń dún létí.

Bí a bá ń wá ẹni tó fi han ayé pé EQ lè máa rìn bí orin ṣe ń lọ, Jàmáíkà ló yẹ ká yà sí, inú ilé gbígbé la ó sì ti bá a. Osbourne Ruddock, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí King Tubby, jẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ fún àwọn tó ń gbé sípíkà lọ sí òde ijó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó ra tábìlì ìpohùnpọ̀ MCI kan lọ́wọ́ sítúdíò Dynamic Sounds, ó gbé e lọ sílé wọn ní Dromilly Avenue, ní àdúgbò Waterhouse ní Kingston. Balùwẹ̀ ló sọ di iyàrá tí olórin ń dúró sí kọrin. Lára tábìlì yẹn ni bọ́tìnnì ńlá kan wà tó ń gé báàsì. Bó bá ṣe ń yí i sókè ní ìpele ìpele, báàsì á kọ́kọ́ lọ, ìlù á tẹ̀ lé e, gìtá àti ìlù onírin nìkan ló máa ṣẹ́kù. Á tún yí i wálẹ̀, báàsì á sì já lu àyà olùgbọ́. Nígbà tí téèpù ń lọ lọ́wọ́ ló ń ṣe gbogbo èyí. Ẹ̀rọ kankan kò bá a rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí ọwọ́ bá ṣì í, á dá téèpù padà, á tún un ṣe. Michael Veal, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti kọ́kọ́ kọ ìwé lórí Fẹlá ní 2000, kọ òmíràn ní 2007 lórí irú orin tí Tubby ń ṣe yìí, tí wọ́n ń pè ní dub, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá ní iyàrá kan àti kọ̀ǹpútà kan pé kó wá a kà. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára Tubby ni pé ìrìn bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń bọ́ sórí ìlù tàbí sórí ọ̀rọ̀. Kò yí i kiri lásán.

Nínú sítúdíò àwọn olówó, ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó yanjú. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ NECAM ti ilé iṣẹ́ Neve ti lè rántí bí fédà ṣe gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, fédà á sì máa rìn láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń rántí. Total Recall tí ilé iṣẹ́ SSL mú wá ní àwọn ọdún 1980 ń fi ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà hàn lójú ẹ̀rọ, ọmọ iṣẹ́ ló sì máa fọwọ́ yí gbogbo wọn padà síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ EQ kan fún ẹsẹ orin àti òmíràn fún ègbè, ńṣe ló máa pín ohùn kan náà sórí ọ̀nà méjì lójú tábìlì. Ìgbà tí Yamaha gbé 02R jáde ní 1995 ni tábìlì tí EQ rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀ wá sún mọ́ agbára sítúdíò kékeré. Ọdún kejì rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Steinberg mú VST wá, ìlànà tó ń jẹ́ kí EQ àti irinṣẹ́ míì wọ inú sọ́fítíwíà orin gẹ́gẹ́ bí plugin. FruityLoops ti ilé iṣẹ́ Image-Line, ní Bẹ́ljíọ̀mù, náà dé kí àwọn ọdún 1990 tó parí, ó di FL Studio ní 2003, òun sì ni ọ̀pọ̀ pùródúsà ní Nàìjíríà fi kọ́ṣẹ́.

Ọgbọ́n pípín ohùn sọ́nà méjì yẹn kò tíì gbó o. Bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ kan ṣoṣo lo fẹ́ láàárín ẹsẹ àti ègbè, gé ohùn náà, gbé ègbè sórí tíráàkì tirẹ̀, fún un ní EQ tirẹ̀. Ó yá, ó sì rọrùn láti tún ṣe bí olórin bá ní òun fẹ́ yí nǹkan padà. Automation wà fún ohun tó ń yí padà láti ìlà dé ìlà, láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀.

Nínú FL Studio, èèyàn á ṣí Fruity Parametric EQ 2, tó ní ìpín méje, á fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ bọ́tìnnì ìpín tó fẹ́, á yan Create automation clip, ìlà kan á sì yọ lójú Playlist tí yóò lè máa fà sókè sódò. Nínú Logic àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èèyàn tún lè jẹ́ kí orin máa lọ, kó fọwọ́ yí bọ́tìnnì bó ṣe ń gbọ́ ọ, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá yan ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Touch, bọ́tìnnì á padà sípò ní kété tó bá yọwọ́. Mo fẹ́ràn yíyà fún iṣẹ́ tó kéré, irú èyí tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé ojú ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Fún ìrìn tó gùn, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n rìn ju máùsì lọ.

Ká wá bọ́ sórí ohùn olórin. Maiki tí ọ̀pọ̀ ń lò nílé, irú èyí tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ní ìwà kan: bí ẹnu bá ṣe ń sún mọ́ ọn sí i ni báàsì ohùn á máa pọ̀ sí i. Nínú sítúdíò ńlá, ẹnì kan máa ń ṣọ́ ibi tí olórin dúró sí. Nílé, olórin ló ń tẹ ẹ̀rọ, òun náà ló ń gbá hẹ́dífóònù mọ́ etí, tó sì ń wo ọ̀rọ̀ orin lójú fóònù. Bó bá ń kọ ẹsẹ jẹ́jẹ́, ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan maiki. Bó bá fẹ́ ké fún ègbè, á fà sẹ́yìn. Ohùn tó kún bọ̀ǹbọ̀ nínú ẹsẹ á wá gbẹ lójijì nínú ègbè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe sí i ni pé wọ́n á gé nǹkan bíi 4 dB ní 200 Hz kúrò lára gbogbo ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹsẹ á mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ègbè tí báàsì rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ á wá rù hangogo.

Ẹsẹ nìkan ló nílò ìtọ́jú yẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ pàápàá kò sì nílò rẹ̀ bákan náà. Fi ìpín kan sí ìsàlẹ̀ 200 Hz kó dúró bí àtẹ̀gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní low shelf, kí iye rẹ̀ sì máa rìn: kó jẹ́ 4 dB sísàlẹ̀ lórí ìlà tí ẹnu sún mọ́ maiki jù, 2 dB lórí èyí tó tẹ̀ lé e, kó padà sí òdo nígbà tí ègbè bá wọlé. Ibi tí olórin ti mí ni kí ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀. Etí kì í ṣọ́ ibi tí èèyàn ti ń mí, nítorí náà ìrìn náà á kọjá láìsí ẹni tó máa rí i. Olórin tó bá gbọ́ iṣẹ́ yìí á rò pé òun dúró sójú kan ni gbogbo ìgbà tí òun ń kọrin.

Èdè wa tún ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì ń dùn mí ni pé fídíò tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ṣẹ́ kì í mẹ́nu bà á. Wọ́n á ní kí a gé 400 Hz sí 500 Hz lára ohùn, pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ, láàárín o àti ọ, wà lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí 300 Hz sí 700 Hz. Ẹni tó bá gé ibẹ̀ jinlẹ̀ lára ohùn tó ń kọ Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, ń fọwọ́ pa ọ̀rọ̀ mọ́ olórin lẹ́nu. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, yóò wà lórí àwọn sílébù kan tí iyàrá náà ń gbá padà. Wá àwọn sílébù yẹn, tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ ní 2 dB tàbí 3 dB, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni s àti ṣ. Agbára s máa ń wà lókè, láti nǹkan bí 5,000 Hz lọ; ti ṣ máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, láàárín 2,500 Hz sí 5,000 Hz. Plugin tí wọ́n ṣe láti tẹ s rì, tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ sí 7,000 Hz bó ṣe máa ń wá, kò ní rí ṣ inú "ṣeun" tàbí "aṣọ" mú dáadáa. Bí a bá sì gbé e wálẹ̀ kó lè mú ṣ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìmọ́lẹ̀ ohùn níbi tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Orin ẹ̀mí tí ègbè rẹ̀ kún fún "ṣe" àti "ṣeun" nílò kí èèyàn jókòó, kó fa ihò kéékèèké lórí ṣ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó tọ́ sí i.

Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ sítúdíò ilé ní Nàìjíríà ká má dárúkọ jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kéré, tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ń fúnni ní iná 50 Hz, ariwo rẹ̀ sì ń gba ògiri kọjá ní 50 Hz, 100 Hz, 150 Hz àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz, ti àkọ́kọ́ á lọ, ṣùgbọ́n 100 àti 150 wà láàárín ohùn ọkùnrin gan-an. Bí olórin bá ń kọ, ohùn rẹ̀ á bo ariwo náà. Bó bá dákẹ́, ariwo á yọjú. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pa ohùn náà pátá níbi tí olórin ti dákẹ́. Ìyẹn á pa mímí rẹ̀ mọ́ ọn, orin á wá dà bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Jẹ́ kí ibi ìgé náà rìn dípò bẹ́ẹ̀: 80 Hz nígbà tó ń kọrin, kó gòkè dé 250 Hz tàbí 300 Hz láàárín ìlà sí ìlà, kó sọ̀kalẹ̀ padà kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òkè ni èémí ń gbé, kò sí nísàlẹ̀. Yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀, ariwo nìkan ni yóò lọ.

Ìlù tó ń fọhùn ló tún fi hàn jù pé EQ tó dúró sójú kan kò lè tó. Bí onílù bá fún ọsán gángan mọ́ra, awọ á le, ohùn á gòkè; bó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Ká ní ohùn ìsàlẹ̀ ìlù kan wà ní 150 Hz, tí ti òkè sì dé 300 Hz. Pùródúsà gbọ́ pé ìlù náà ń bá ohùn olórin jà, ó gé 5 dB ní 300 Hz. Ohùn òkè ìlù nìkan ló gé yẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ dúró digbí bó ṣe wà. Nígbà tí onílù bá wá sọ gbólóhùn kan, gbogbo sílébù olóhùn òkè á ti rọ, àwọn ti ìsàlẹ̀ á sì máa bú. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń sọ ni kò ní dá a lójú mọ́. Mo ti gbọ́ oríkì tó já gaara lọ́wọ́ onílù tó di àdììtú báyìí lẹ́yìn tí wọ́n po ohùn pọ̀ tán.

Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ìgé náà tẹ̀ lé ìlù, kó gòkè bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ó ṣeé ṣe fún gbólóhùn kúkúrú. Fún orin odindi, ìyà ni. Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí wọ́n fi ìlù sílẹ̀ kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ dùùrù àti gìtá. Nígbà tí ìyáàlù bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí 200 Hz sí 800 Hz lára dùùrù rẹlẹ̀ ní 2 dB tàbí 3 dB, kí ìrìn náà gba nǹkan bí bíìtì kan, kó sì padà nígbà tí ìyáàlù bá parí ọ̀rọ̀. Lára ìlù fúnra rẹ̀, a lè gbé ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń kan awọ, ní àgbègbè 2,000 Hz sí 4,000 Hz, sókè díẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nìkan, ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá padà sídìí ijó. Àwọn onígìtá jùjú tó mọṣẹ́ ti ń ṣe èyí fúnra wọn tipẹ́: wọ́n á fọwọ́ rọ̀ nígbà tí onílù bá gba ọ̀rọ̀.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí a fi ń fọwọ́ yà á nígbà tí EQ tó ń gbọ́ orin, tó sì ń fúnra rẹ̀ rìn ti wà. TDR Nova wà lọ́fẹ̀ẹ́, Pro-Q 3 tí FabFilter gbé jáde ní 2018 náà ń ṣe é. Wọ́n dára púpọ̀ fún ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà kan náà, bíi báàsì tí nọ́ọ̀tì kan rẹ̀ ń bú ju ìyókù lọ. Bí ohùn ṣe pọ̀ tó nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Bí olórin bá pariwo nítorí pé ó sún mọ́ maiki ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ rì. Bó bá pariwo nítorí pé ibẹ̀ ni ẹkún wà nínú orin náà, wọ́n á tẹ ìyẹn náà rì. Ọ̀nà àbáyọ tí kò wọ́pọ̀ ni pé kí a fi automation sí ibi tí plugin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó máa ṣọ́ gbogbo orin ṣùgbọ́n kó fà sẹ́yìn lórí ìlà tí a fẹ́ kó dá sí.

Ní ti ìrìn ńlá tí gbogbo èèyàn ń gbọ́, àwọn ará Faransé tó ń ṣe orin ijó ní ìparí àwọn ọdún 1990 ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Homework ti Daft Punk, tó jáde ní 1997, kún fún un. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé etí wa mọ̀ ọ́n láti ìta: òde àríyá tó wà ní òpópónà kejì, báàsì àti ìlù nìkan la máa ń gbọ́ títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri ń gba òkè ohùn dúró, báàsì ń kọjá. Nígbà tí EQ bá ń ṣí láti 400 Hz lọ sókè, ńṣe ló ń gbé olùgbọ́ wọlé. Fún ìdí yìí, ẹni tó bá ń ṣe é ṣáájú gbogbo ègbè ń gbé àlejò kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Kí ìlà rẹ̀ má sì tọ́ gbọọrọ: láti 200 Hz sí 400 Hz jẹ́ ìgbésẹ̀ kan náà létí pẹ̀lú láti 4,000 Hz sí 8,000 Hz, bí plugin kò bá sì ti fi èyí ṣírò, ìlà tó tọ́ lójú á sáré jù níbẹ̀rẹ̀, á sì máa fà tìkọ̀tìkọ̀ nígbà tó bá ń parí lọ.

Ẹ̀rọ náà ní ibi tó ti lè ṣini lọ́nà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà máa ń ka ìlà automation ní ìṣù ìṣù. Bí ìṣù kan bá jẹ́ sáńpù 512 nínú 44,100 tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ díẹ̀ kí bọ́tìnnì tó tún rìn. Ìrìn tó yá jù á wá máa ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lórí báàsì tó mọ́. EQ onílà tààrà, tí wọ́n ń pè ní linear phase, kò dára fún ìrìn rárá: ó ń dá ohùn dúró pẹ́, ó sì ń pariwo táátáá bí a bá ń yí i. Lo èyí tí kì í fa ìdádúró.

Èyí tó burú jù lọ ni pé gbígbé nǹkan sókè ń mú kí orin pọ̀ sí i, etí sì máa ń yin ohun tó bá pọ̀. Fletcher àti Munson ti fi hàn láti 1933 pé bí ohùn bá kéré, etí kì í gbọ́ báàsì dáadáa bíi ti àárín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru, tó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá onílé má bàa bínú, á máa fi báàsì kún un láìmọ̀. Kí fédà kọ́kọ́ rìn kí EQ tó rìn: ọ̀pọ̀ ohun tó dà bí ẹjọ́ EQ, ọ̀rọ̀ tó kéré jù lásán ni. Lẹ́yìn náà, pa gbogbo automation EQ náà, gbọ́ orin láìsí i ní ìwọ̀n ohùn kan náà, kí o tó pinnu èyí tó máa dúró.

Bí iṣẹ́ bá sì máa kúrò nílé lọ bá ẹni tó máa po ohùn pọ̀, ìlà automation kì í sábà bá a lọ láti sọ́fítíwíà kan sí òmíràn. Yọ ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú ìrìn EQ rẹ̀ lára, ọ̀kan láìsí i, kí o kọ èwo ni èwo sára orúkọ fáìlì, kí o sì fi àkọsílẹ̀ kúkúrú tì í nípa ìlà orin tí o fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.